Neasden Temple: ẹ mú àlejò yín lọ, ṣùgbọ́n ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ tí ò ní ihò

Ẹ̀yin èèyàn mi ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ pé màá kọ nípa ibí yìí. Gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá ní òun ní àlejò láti ilé, pé níbo lòun lè mú wọn lọ láìjẹ gbèsè, London Eye àti iwájú ààfin ọba náà la ó ṣáà máa dárúkọ, bẹ́ẹ̀ iwájú ààfin ọ̀hún, géètì lásán lẹ máa dúró wò. Ẹ gbọ́, tẹ́ńpìlì àwọn Híńdù kan wà ní Neasden, BAPS Shri Swaminarayan Mandir lorúkọ ẹ̀ gan-an (BAPS ni ìjọ Híńdù tó ni ín, mandir ni tẹ́ńpìlì), ṣùgbọ́n Neasden Temple ni gbogbo èèyàn ń pè é, Brentfield Road ló wà, kò jìnnà rárá sí IKEA Wembley níbi tí ìdajì wa ti ra bẹ́ẹ̀dì àkọ́kọ́. Ọ̀fẹ́ lẹ máa wọlé. Ìràwọ̀ mẹ́rin àtààbọ̀ ni mo fún un nínú márùn-ún, màá sọ ibi tí ààbọ̀ tó kù lọ, ẹ ṣáà fara balẹ̀.

Màmá mi tó wá kí wa láti Ìbàdàn ni mo mú lọ, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin náà tẹ̀ lé wa. Ìyá ìjọ ni màmá mi o, àwọn tí wọ́n bá ń gbàdúrà òru gbogbo àdúgbò á mọ̀. Nígbà tí mo dárúkọ tẹ́ńpìlì Híńdù wọ́n wò mí sùn-ùn, wọ́n ní "Ṣé àwọn tó ń bọ màlúù yẹn lo fẹ́ mú mi lọ bá?" Mo ní Mọ́mì, wọn kì í bọ màlúù, wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún un ni wọn kì í fi í jẹ ẹ́, ẹ jẹ́ ká ṣáà lọ wò ó, kò sẹ́ni tó máa ní kẹ́ ẹ dọ̀bálẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ kúnlẹ̀ fún nǹkan kan. Wọ́n ki Bíbélì wọn bọ báàgì, ó di inú mọ́tò.

Ìmúra ni ká kọ́kọ́ sọ torí ibẹ̀ làwọn èèyàn ti máa ń ní ìṣòro. Ẹ bo èjìká, ẹ bo orúnkún, ṣòkòtò péńpé ò bójú mu níbẹ̀. Báàgì ò wọlé, ẹ fi sílẹ̀ sínú mọ́tò tàbí kẹ́ ẹ kó o fún àwọn tó ń tọ́jú ẹrù ní òdìkejì títì (bẹ́ẹ̀ ni, Bíbélì màmá mi náà bá báàgì dúró síbẹ̀, ẹ má bi mí bí wọ́n ṣe gbà á). Sìkiọ́rítì á yẹ̀ yín wò. Fóònù, ẹ pa á, kò sí fọ́tò nínú ilé rárá, ìta lẹ ti lè ya tó bá wù yín. Tẹ́ ẹ bá ti wọlé ẹ máa bọ́ bàtà, ibi tí ọkùnrin ń kó tiwọn sí yàtọ̀ sí tobìnrin, ibẹ̀ la sì ti máa ń mọ ẹni tí àtàǹpàkò ẹ̀ ń yọjú nínú ìbọ̀sẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi mọ ara wọn.

Ilé yẹn ńkọ́? Há! Àárín àwọn ilé alábíríkì àti wíàháòsì ló wà, ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ máa ṣẹ́ kọ́nà tẹ́ ẹ máa rí òkúta funfun gbáà tó ṣóńṣó sókè, wọ́n fín in láti òkè délẹ̀. 20 August 1995 ni wọ́n ṣí i, Pramukh Swami Maharaj tó jẹ́ olórí wọn nígbà yẹn ló ṣí i. 2,828 tọ́ọ̀nù òkúta limestone ni wọ́n kó láti Bulgaria, wọ́n tún kó 2,000 tọ́ọ̀nù mábù láti Ítálì, wọ́n di gbogbo ẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi ó di Íńdíà, àwọn tó ń gbẹ́ òkúta tó lé ní 1,500 jókòó tì í wọ́n gbẹ́ ẹ, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n tún dì í sọ́kọ̀ ó di Lọ́ńdọ̀nù, ègé 26,300, wọ́n wá ń tò ó léra lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi di ilé. Kò sí irin tó gbé e ró o. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ kọ́lékọ́lé ò fẹ́ gbà, ó ń wo òrùlé róbótó tó wà láàárín títí ọrùn fi ń dùn ún, àfìgbà tí bàbá kan tó ń ran àlejò lọ́wọ́ ṣàlàyé fún un pé irin máa ń dípẹtà, tó bá dípẹtà nínú òkúta á wú, tó bá wú á la òkúta, wọ́n sì fẹ́ kí ilé yìí wà fún ẹgbẹ̀rún ọdún. Ẹ̀gbọ́n mi ní ó dáa, ẹgbẹ̀rún ọdún, òun tí òun ń kọ́ ilé tí wọ́n ń dá owó ìdánilójú ọdún mẹ́wàá lé lórí.

Ẹ wo òpó kan ṣoṣo dáadáa, ẹ má wulẹ̀ rìn kọjá. Èyí tí mo dúró tì, nísàlẹ̀ ẹ̀ àwọn erin tò tẹ̀lé ara wọn, lókè erin, òdòdó, lókè òdòdó àwọn èèyàn kéékèèké tó ń lùlù tó ń fọn fèrè, èèyàn á máa rí èékánná lọ́wọ́ onílù kan tí kò ga ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Kí ni àtúpà ń wá nínú ibi tí mábù fúnra ẹ̀ ń tàn báyìí. Wọ́n ní ẹ má fọwọ́ kàn án, màmá mi bá kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

Owó ẹ̀ ńkọ́? Ohun tí èmi fẹ́ mọ̀ nìyẹn torí a mọ bí ìkówójọ ilé ìjọsìn ṣe ń rí. Àwọn Gujarati, ìyẹn àwọn tí orírun wọn jẹ́ Gujarat ní ìwọ̀ oòrùn Íńdíà, ló pọ̀ jù nínú ìjọ yìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló jẹ́ pé Kẹ́ńyà, Ùgáńdà àti Tanzania ni wọ́n ti wá, kì í ṣe Íńdíà tààràtà. Ní 1972 Idi Amin fún àwọn ará Éṣíà tó wà ní Ùgáńdà ní 90 ọjọ́ kí wọ́n fi kó jáde, àwọn tó lé ní 25,000 ló wá sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì, púpọ̀ nínú wọn pẹ̀lú àpótí kan lọ́wọ́. Ẹni tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù kọ́nà, ẹni tó ń wa bọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì, àwọn yìí ló dá owó, àwọn ọmọ kéékèèké ń ṣa agolo ẹlẹ́rìndòdò káàkiri wọ́n ń tà á fún àwọn tó ń tún un yọ́ kí owó lè wọlé. Àwọn fúnra wọn ló tún yọ̀ǹda ara wọn nígbà ìkọ́lé, lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ wọn, wọ́n ń dán mábù wọ́n ń gbá ilẹ̀.

Ó dáa, ẹ̀sìn wá kù. Swaminarayan tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pe ilé yẹn, ní 1781 ni wọ́n bí i ní abúlé kan tó ń jẹ́ Chhapaiya ní àríwá Íńdíà, ọmọ ọdún mọ́kànlá ló kúrò nílé, ó fi ẹsẹ̀ rìn káàkiri Íńdíà fún ọdún méje láìwọ bàtà, Nilkanth ni wọ́n ń pè é nígbà yẹn, kó tó fìdí kalẹ̀ sí Gujarat, ó kú ní 1830. Lára ohun tó gbógun tì láyé ẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń pa ọmọbìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àti bí wọ́n ṣe ń sun opó mọ́ òkú ọkọ ẹ̀. Ère ìgbà ọ̀dọ́ ẹ̀ yẹn wà níbẹ̀, wúrà wúrà báyìí, àwọn èèyàn ń tò láti bu omi sí i lára wọ́n sì ń gbàdúrà sí ohun tí wọ́n ń fẹ́. Màmá mi ní àwọn ò bu omi. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n bù ú.

Ṣùgbọ́n wọ́n bi bàbá tó ń mú wa kiri ní ìbéèrè o. Bàbá yẹn á ti lé ní àádọ́rin ọdún, Kampala ni wọ́n bí i sí, ó ti ṣiṣẹ́ oògùn títà títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó sì ń pe màmá mi ní "Mama" láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìyẹn nìkan ti tú wọn nínú. Mọ́mì ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọlọ́run mélòó lẹ ní gan-an?" Ojú gbà mí tì, àmọ́ bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní Mama, ọ̀kan ni. Ó ní nínú Rig Veda, ìwé mímọ́ wọn tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún, wọ́n sọ ọ́ níbẹ̀ pé òtítọ́ kan ni, onírúurú orúkọ làwọn ọlọ́gbọ́n ń pè é. Ó tọ́ka sí àwọn ère tó wà níbẹ̀, Krishna pẹ̀lú Radha, Rama pẹ̀lú Sita, Shiva pẹ̀lú Parvati àti Ganesh olórí erin, ó ní ẹni tó bá ń wá Ọlọ́run lè gba ọ̀dọ̀ èyí tó bá bá ọkàn ẹ̀ mu. Ní ti ìjọ tiwọn, Swaminarayan fúnra ẹ̀ ni wọ́n gbà pé ó jẹ́ Ọlọ́run tó ga jù, àwọn yòókù wà lábẹ́ ẹ̀.

Kẹ́ ẹ má bàa rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo Híńdù ṣe gbà á, rárá o. Ìjọ tó ń sin Shiva á ní Shiva ló ga jù. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Shankara, olùkọ́ ẹ̀sìn Híńdù àtijọ́ kan, á ní kò tiẹ̀ sí ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀mí inú èèyàn àti Ọlọ́run, àìmọ̀ ló ń jẹ́ ká rí wọn ní méjì, Ramanuja tó jẹ́ olùkọ́ mìíràn á ní irọ́ ni, ẹ̀mí ò lè di Ọlọ́run láé ṣùgbọ́n inú Ọlọ́run ló wà. Àwọn wọ̀nyí ti ń bá a fà láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún. BAPS ní tiwọn ka nǹkan márùn-ún tí kò ní ìbẹ̀rẹ̀ tí kò ní òpin, láti orí ẹ̀mí èèyàn títí dé Ọlọ́run Ọba, ibẹ̀ lórí mi ti fẹ́ máa gbóná, ẹ lọ kà á fúnra yín.

Ohun tó ya Mọ́mì lẹ́nu jù ni pé wọ́n ń tọ́jú ère. Wọ́n ń jí i láàárọ̀, wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n ń wọ aṣọ fún un, wọ́n ń gbé oúnjẹ síwájú ẹ̀, lọ́sàn-án wọ́n á fa kọ́tìnì kó lè sinmi. Bàbá ní kí wọ́n tó ṣe ètò ìyàsímímọ́ òkúta ni, lẹ́yìn ètò yẹn Ọlọ́run ti gbà láti máa gbé ibẹ̀, àlejò pàtàkì sì ni, ṣé èèyàn á febi pa àlejò? Ẹni tó bá ti dé ojúbọ òrìṣà nílé wa rí, tó ti rí bí àwọn àwòrò ṣe ń ṣe é, ìyẹn ò ní ṣàjèjì sí i, bí Mọ́mì tiẹ̀ ní kí n má sọ ọ́ síta.

Tẹ́ ẹ bá lè ṣe é, ẹ débẹ̀ kó tó di agogo méjìlá ọ̀sán ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìgbà yẹn ni arti ọ̀sán. Wọ́n á ṣí ìlẹ̀kùn ibi tí àwọn ère wà, àwọn mọ́ńkì tó wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn á máa fi fìtílà òwú tí wọ́n rẹ sínú bọ́tà yípo níwájú ère, ìlù, agogo, orin, gbogbo èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n á gbé iná yẹn kiri, oníkálukú á na ọwọ́ sí i á fi kan orí ara ẹ̀. Kò pẹ́ rárá. Mọ́mì ò na ọwọ́ sí iná, ṣùgbọ́n orí wọn ń mì sí ìlù yẹn, mo rí i. Ẹ pẹ́ débẹ̀ lọ́sàn-án kẹ́ ẹ wá bá kọ́tìnì títì títí di ìrọ̀lẹ́, torí náà ẹ yẹ wẹ́ẹ́bùsáìtì wọn wò kẹ́ ẹ tó jáde nílé.

Ibí yìí ni ààbọ̀ ìràwọ̀ mi wà: ọkùnrin àti obìnrin kì í jókòó pọ̀. Àwọn mọ́ńkì wọn náà kì í bá obìnrin sọ̀rọ̀, ara ẹ̀jẹ́ tí wọ́n jẹ́ ni, wọn ò gbọdọ̀ ní owó tara wọn, wọn ò gbọdọ̀ bá obìnrin da nǹkan pọ̀ rárá. Kò sẹ́ni tó ṣàìdáa sí wa, àwọn obìnrin wọn ló tọ́jú èmi àti Mọ́mì, wọ́n ṣe wá jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n èmi fẹ́ bi mọ́ńkì kan ní nǹkan, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni mo ní láti rán, ẹni tí kò gbọ́ ìbéèrè yẹn dáadáa tó fi lọ bi í nípa irin. Mọ́mì ní àwọn ò rí nǹkan tó burú níbẹ̀, pé nínú ìjọ táwọn ti dàgbà náà ọ̀tọ̀ ni ẹ̀gbẹ́ obìnrin. Ẹ ti gbọ́, èmi ṣá ni mo ní ìràwọ̀.

Ẹ jẹ́ ká lọ síbi oúnjẹ torí ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀kọ́ yẹn ti wá yé mi. Shayona lorúkọ ilé oúnjẹ tó wà ní òdìkejì, kò sí ẹran, kò sí ẹja, kò sí ẹyin, kò sí àlùbọ́sà, kò sí gálíìkì. Ẹ gbọ́ mi bó ṣe yẹ, kò sí àlùbọ́sà! Mọ́mì bi olóúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí ẹ̀ ni pé nínú Bhagavad Gita, ìwé mímọ́ wọn mìíràn, wọ́n ní nǹkan mẹ́ta ló so pọ̀ nínú ìwà ẹ̀dá gbogbo: sattva tó jẹ́ ìmọ́lẹ̀ àti ìfarabalẹ̀, rajas tó jẹ́ ìgbóná ara, àìsinmi, kí n sáà ní kí n sáà dé ibẹ̀, àti tamas tó jẹ́ ọ̀lẹ, oorun àti òkùnkùn ọkàn. Kò sẹ́ni tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò sí lára ẹ̀, èyí tó bá borí ní àkókò kan ló ń wa èèyàn kiri. Gita ọ̀hún tún ní oúnjẹ tí oníkálukú fẹ́ràn ń tẹ̀ lé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, àwọn ìjọ bíi tiwọn sì gbà pé àlùbọ́sà àti gálíìkì máa ń ru ara sókè, wọn ò jẹ́ kó dé ìdáná. Ilẹ̀kùn mẹ́ta ni wọ́n ní ó wọ ọ̀run àpáàdì: ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́, ìbínú, ojúkòkòrò. Mo wo ara mi, nínú gosíló títì North Circular láàárọ̀ ọjọ́ yẹn nìkan mo ti kan ilẹ̀kùn kejì dáadáa.

Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé wọn ò sọ pé èèyàn burú láti inú wá. Ẹ̀mí inú ẹ̀ mọ́, ohun tó bò ó ló yẹ kó fọ̀ kúrò, èyí tí kò bá sì fọ̀ láyé yìí á bá a lọ sí èyí tó ń bọ̀. Àwa náà ní Babatúndé àti Yétúndé, ṣùgbọ́n tiwa, inú ìdílé lẹni tó lọ ń padà sí ní tayọ̀tayọ̀, tiwọn, wọ́n ń wá bí wọn ò ṣe ní padà wá mọ́ ni. Tiwa, èèyàn kúnlẹ̀ yan orí kó tó wáyé. Tiwọn, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ àtẹ̀yìnwá ló yan ibi tó máa bọ́ sí. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jiyàn lé èyí títí oúnjẹ fi dé.

Oúnjẹ dé, dhokla la fi ṣíṣẹ́. Ìyẹ̀fun ẹ̀wà chickpea ni wọ́n pò tí wọ́n sè nínú ooru, ó yọ́ bìnnìnì, ó pọ́n bí ọsàn, wọ́n fi èso mustard àti ewé díndín wọ́n ọn lórí. Mọ́mì fi fóòkì tì í, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n ní "Mọ́ínmọ́ín rèé, orí ẹja ni wọ́n yọ." Àwo kan ò tó wọn. Masala dosa náà dáa gan-an, ó gùn ju àwo lọ, ọ̀dùnkún tó wà nínú ẹ̀ ní ata díẹ̀, ẹ béèrè fún ata sí i tẹ́ ẹ bá jẹ́ ọmọ Ìbàdàn. Lassi máńgòrò, ẹ mu. Jalebi, ẹ̀kan ṣoṣo ti tó, ṣúgà ẹ̀ lè gbé èèyàn lọ sọ́sípítù. Owó ẹ̀ ò wọ́n ju ilé oúnjẹ lásán lọ.

Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀: ká tó lọ jẹun, nígbà tá a lọ mú bàtà, a bá bàbá oníkẹ́míìsì wa tó fi aṣọ tútù nu ibi tí wọ́n ń kó bàtà sí, ọwọ́ ẹ̀ ń lọ láti orí àkà kan dé èkejì. Mọ́mì ní "Ẹ kú iṣẹ́ o sà," wọ́n wá bi í pé èló ni wọ́n ń san fún un. Ó ní kò sówó níbẹ̀, seva ni wọ́n ń pè é, ẹni tó ń tò láti sin Ọlọ́run lè fi bàtà àjèjì bẹ̀rẹ̀. Dókítà ló ń gba bàtà lọ́wọ́ wa láàárọ̀, wọ́n ní tìyáwó tọkọ ni wọ́n máa ń wá. Mọ́mì dákẹ́, lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n ní nínú ìjọ tàwọn, ẹni tó bá ti ra Jeep kì í sí nínú àwọn tó ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì mọ́.

Ẹ má bàa sọ pé wọ́n sanwó fún mi, ẹ jẹ́ kí n sọ apá kejì. Ìṣọ̀kan tí ẹ máa rí níbẹ̀ kì í ṣe gbogbo ìtàn. Wọ́n ní gbolóhùn kan láti inú Upanishad, ara ìwé mímọ́ wọn àtijọ́, pé ìdílé kan ni gbogbo ayé, ṣùgbọ́n inú ilẹ̀ tí wọ́n ti sọ ọ́ náà ni wọ́n ti ka àwọn kan sí ẹni tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fara kàn, tí wọn ò lè fa omi nínú kànga kan náà, tí wọn ò lè wọ tẹ́ńpìlì. Òfin ilẹ̀ Íńdíà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1950 ló fòfin de ìyẹn, Ambedkar tó jẹ́ olórí àwọn tó kọ òfin yẹn, tó jẹ́ ara àwọn tí wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí, kúrò nínú ẹ̀sìn Híńdù ní October 1956 ó di ẹlẹ́sìn Búdà, ogunlọ́gọ̀ èèyàn tẹ̀ lé e. Níbí gan-an, ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Leicester ní 2022, àwọn ọ̀dọ́ Híńdù àti Mùsùlùmí tí wọ́n ti jọ ń gbé láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n dojú kọ ara wọn ní títì. Ẹni tó bá máa lọ Neasden, kó mọ èyí náà kó tó lọ, kó lè béèrè ìbéèrè gidi. Wọn kì í bínú sí ìbéèrè, ìyẹn mo lè jẹ́rìí ẹ̀.

Bọ́ọ̀sì 206 ń já yín sílẹ̀ lẹ́bàá ẹ̀, èyí tó bá ń wa mọ́tò á rí páàkì lódìkejì. Ẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ ráyè wo nǹkan. Lásìkò Diwali ibẹ̀ máa ń kún fọ́fọ́, ọjọ́ kejì ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Annakut wọ́n á to oúnjẹ síwájú àwọn ère ní ìpele ìpele, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń tò wá wò ó, kò sí ibi tẹ́ ẹ máa gbé mọ́tò sí, ẹ wọ tíréènì. Mọ́mì ti ní kí n bi wọ́n lọ́wọ́ bóyá wọ́n máa ń ta dhokla yẹn ní dídì, torí àwọn fẹ́ gbé e dé Ìbàdàn, ẹni tó bá mọ̀ kó jọ̀ọ́ kọ ọ́ sísàlẹ̀.